Òkèèrè la ti ń wo igi gogoro: àmì ewu lódò, lóko àti lórí àpáta

Ẹ̀yin ará mi, Èkìtì kete, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń rú èèyàn lójú, òun ni mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀. Tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ lóko tàbí lódò, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé "òjijì ló dé, kò sí àmì kankan." Ṣé lóòótọ́ ni? Nígbà míì bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà àmì wà níbẹ̀ gbangba, àmì mìíràn tí kò ṣeé gbára lé lèèyàn ń wò. Ẹni tó wọ odò torí pé oòrùn ń ràn, àmì ló wò yẹn o, àmọ́ àmì irọ́ ni. Ẹni tó ní ejò tó bu òun jẹ kò lóró torí pé ẹsẹ̀ òun ò wú, àmì lòun náà wò. Lójú tèmi, àmì irọ́ ń ṣe wá ní jàǹbá ju àìrí àmì lọ. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn mọ igi tó yẹ kó wò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ara mi níbikíbi tí mo bá wà níta: kí ló yí padà? Omi ni o, ìró ni o, òórùn, àwọ̀, afẹ́fẹ́, ìwà ẹranko. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti kúrò ní bó ṣe wà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, ẹ dúró ná, ẹ wádìí ohun tó fà á kẹ́ ẹ tó máa bá tiyín lọ.

Ká mú ti omi ṣáájú torí òun la fi ń ṣeré jù. Ẹ mọ omi Àrìnta tó ń já látorí àpáta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, kò jìnnà sí Ìkògòsì. Àsìkò òjò lomi yẹn máa ń rẹwà jù, àsìkò yẹn náà làwọn èèyàn máa ń rọ́ wá láti Èkó, Ìbàdàn, Àkúrẹ́, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ká ṣòkòtò sókè, wọ́n á wọnú ẹ̀, fóònù lọ́wọ́, fídíò ń lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ o, ibẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ronú lórí ohun tó wà lókè orí yín. Ọ̀pọ̀ òkè wa ní Èkìtì níbí, òkúta ni wọ́n, àpáta gbàǹgbà bíi Olósùnta àti Orólè ní Ìkẹ́rẹ́, òkúta kì í sì í mu omi. Ilẹ̀ oko á fa òjò mu díẹ̀díẹ̀, àpáta ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo òjò tó bá rọ̀ lé e lórí ló máa ṣàn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sínú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí odò tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ fi lè dé àyà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ òjò ọ̀hún ò sì ní láti rọ̀ níbi tẹ́ ẹ wà o, ó lè máa rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, níbi tí odò ti ń bọ̀, kí oòrùn máa ràn níbi tẹ́ ẹ ti ń ya fọ́tò. Nítorí náà "òjò ò rọ̀ níbí" kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Apá òkè odò lẹ máa wò, bóyá ojú ọ̀run ṣú níbẹ̀.

Omi fúnra ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ kó tó dé. Èyí tó mọ́ gaara á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á rú. Ewé tútù, ẹ̀ka igi, koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu, á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó kọjá (ewé gbígbẹ kan méjì kì í ṣe nǹkan, ewé tútù tó pọ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí, torí ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń ya á lókè). Ìró omi náà á wúwo sí i, nígbà míì ẹ máa gbọ́ òkúta tó ń kọlu òkúta lábẹ́ omi. Ọgbọ́n kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ wá òkúta kékeré kan, ẹ gbé e sétí omi gan-an, níbi tí omi ti fẹ́ kàn án ṣùgbọ́n tí kò tíì kàn án. Kẹ́ ẹ máa wojú ẹ̀ lóòrèkóòrè. Tí omi bá ti bò ó, kò sí àríyànjiyàn mọ́, ẹ jáde. Ẹ má sáré tẹ̀ lé etí odò lọ sísàlẹ̀ o, ibi tí omi ń lọ náà nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ gun ibi gíga. Bàtà tó wà lódìkejì odò, ẹ fi sílẹ̀, ẹ máa ra òmíràn.

Ohun tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé wọ́n ń fi jíjìn wọn omi, bẹ́ẹ̀ eré tó ń sá ló lágbára. Omi tó ń sáré, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Tó bá tó 30, ó lè gbé mọ́tò kékeré nílẹ̀, tó bá tó 60, mọ́tò wo ló kù, jíìpù gan-an ń bá a lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ gba orí afárá kéékèèké wa nígbà òjò, ìbáà jẹ́ odò Ureje l'Ádó, ìbáà jẹ́ ọ̀nà oko, tí omi bá ti bo títì, ẹ ò lè rí i bóyá títì ọ̀hún ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Mọ́tò tó ṣáájú yín kọjá, kò túmọ̀ sí pé tiyín máa kọjá, omi ti lè gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Èyí tó tún yàtọ̀ síyẹn ni omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ní agbègbè Ìjerò níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, àti níbòmíràn tí wọ́n ti wa yanrìn tàbí òkúta tán tí wọn ò dí ihò, òjò máa ń kún inú ihò yẹn, omi ẹ̀ á tutù, á mọ́, ọmọdé á fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ẹ wo etí ẹ̀: tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ kàn gé bẹ́ẹ̀ wọnú omi, tí kò rọra lọ sílẹ̀, tí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà yí i ká, ihò kùsà ni, ìsàlẹ̀ ẹ̀ jìn, etí ẹ̀ sì lè ya. Ẹ lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀.

Ààrá wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ààrá máa ń ṣòro sọ láàárín wa torí ti Ṣàngó, mi ò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó ń bọ Ṣàngó kó máa bọ ọ́, ohun tí mò ń sọ ò dí i lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti sún mọ́ yín ni mo fẹ́ sọ.

Tó bá ti kọ mànà, ìmọ́lẹ̀ yẹn dé ojú yín lójú ẹsẹ̀, ìró ló máa ń pẹ́ lọ́nà, torí nǹkan bíi mítà 340 nìró máa ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 3 ni kìlómítà 1. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti rí mànàmáná, ẹ máa kà títí ààrá á fi sán, kẹ́ ẹ pín ohun tẹ́ ẹ kà sí mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ka 15, kìlómítà 5 ló wà sí yín. Tí kò bá ti lè tó 30, ó ti wà láàárín kìlómítà 10, àsìkò àtiwọlé ti tó, kì í ṣe àsìkò àtiparí ebè tó kù. Ká tiẹ̀ sòótọ́, tí etí yín bá ti ń gbọ́ ìró ẹ̀ rárá, ọwọ́ ẹ̀ lè tó yín, torí ààrá máa ń fò kúrò lábẹ́ òjò lọ sán síbi tó jìnnà, nígbà míì ó máa ń ju kìlómítà 15 lọ, níbi tí ilẹ̀ gbẹ táútáú tójú ọ̀run sì mọ́. Àmì irọ́ míì tún nìyẹn, "òjò ò tíì dé." Tó bá sì ti kọjá lọ, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó dún kẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó padà sóko. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń jáde tí òjò bá ti dá, tí wọ́n á rò pé ó ti parí.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ yìí mọ̀ pé ìjì òjò wa, láti ìlà oòrùn ló sábà máa ń wá, ní pàtàkì láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ooru á kọ́kọ́ mú, afẹ́fẹ́ á dá, ewé kan ò ní mì. Ojú ọ̀run lápá ìlà oòrùn á dúdú wá. Lẹ́yìn náà atẹ́gùn tútù kan á kàn fẹ́ lójijì pẹ̀lú eruku. Atẹ́gùn yìí làwọn èèyàn máa ń gbádùn, wọ́n á ní "háà, Ọlọ́run ṣeun o," wọ́n á ṣí bọ́tìnì ẹ̀wù sílẹ̀. Òun gan-an ni àmì pé ìjì ti dẹ́nu ọ̀nà, ìṣẹ́jú péréte ló kù kí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ibo lèèyàn á wá sá sí? Ilé tó ní ògiri yí ká, tó nílẹ̀kùn, tàbí inú mọ́tò onípáànù tẹ́ ẹ ti wíńdò ẹ̀. Kì í ṣe abẹ́ igi, kì í sì í ṣe abà onímàríwò tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀, abà ń gba òjò lára yín ni, kò gba ààrá. Bàtà rọ́bà ò ṣe nǹkan kan. Fóònù ọwọ́ tẹ́ ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ pé ó ń fa ààrá, kò fà á, èyí tẹ́ ẹ fi sí iná tó ń gba ṣájì tẹ́ ẹ sì ń fi pè, ìyẹn ni ewu wà níbẹ̀ torí ààrá ń bá wáyà rìn. Tó bá ká yín mọ́ pápá gbalasa tí kò síbi tẹ́ ẹ lè lọ, ẹ kúrò lórí òkè, ẹ jìnnà sí igi tó dá dúró, sí omi àti wáyà, ẹ yà kúrò lọ́dọ̀ ara yín kó má ba gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lóṣòó, ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ má sùn sílẹ̀ o, torí ààrá tó bá sán sí ilẹ̀ máa ń rìn nínú ilẹ̀. Tí irun orí tàbí irun ọwọ́ yín bá sì ń dìde fúnra ẹ̀, tí ara ń ta yín ṣíṣín, ó ti dé orí yín tán nìyẹn, kíá ni kẹ́ ẹ lóṣòó, ẹ má dúró wòran.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí. Tí ààrá bá sán pa ẹnì kan lágboolé, ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn láti fọwọ́ kàn án, wọ́n á dúró lókèèrè, wọ́n á máa wá ẹni tó máa ṣètùtù. Ara ẹni tí ààrá sán kò ní iná kankan nínú mọ́, kò lè gbé yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà lọkàn ẹni náà kàn dúró, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan tẹ àyà ẹ̀ mọ́lẹ̀ léraléra lójú ẹsẹ̀, kíákíá, pẹ̀lú agbára, títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé, ó lè jí. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbà á là. Ètùtù lè tẹ̀ lé e.

Ó yá, ká wọ inú oko wàyí. Ẹnì kan lè máa ro oko ẹ̀ jẹ́ẹ́, kí oyin kan ṣoṣo wá máa fò yí orí ẹ̀ ká, kó forí gbá a níwájú orí, kó sún sẹ́yìn, kó tún wá gbá a. Kò ta á o. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ṣe ni kí wọ́n na ọwọ́ sí i, kí wọ́n pa á, kí wọ́n máa ro oko lọ. Oyin tẹ́ ẹ pa yẹn, sójà ni, ilé wọn ló ń ṣọ́, ó ń sọ fún yín pé ẹ ti sún mọ́ jù. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa, tàbí tó bá ta yín, òórùn kan máa jáde lára ẹ̀, òórùn yẹn jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dáadáa, òun sì làwọn yòókù máa tẹ̀ lé wá bá yín. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí oyin sì ń kùn, ẹ má wo apá ibì kankan mọ́, ẹ lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa lọ náà ṣe pàtàkì. Tó bá ṣì jẹ́ ẹyọ kan tó ń forí gbá yín, ẹ rọra padà gba ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wá, ẹ má ju ọwọ́. Tí wọ́n bá ti tú jáde, ẹ fi aṣọ bo orí àti ojú, kẹ́ ẹ máa sá lọ láìdúró títí ẹ máa fi dé inú ilé tàbí mọ́tò, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn. Díẹ̀ á bá yín wọlé, ìyẹn ò tó nǹkan. Ẹ má kó sínú odò, oyin máa ń dúró de èèyàn lókè omi, tẹ́ ẹ bá yọrí mí, wọ́n á bò yín. Ẹ̀gún tó bá kù sára, ẹ tètè fi èékánná há a kúrò, bó bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni oró ń wọlé tó. Tí ètè tàbí ojú ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ara ẹ̀ ń sú, tí èémí ò já gaara, tí òòyì ń kọ́ ọ, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹyọ oyin kan ló ta á. Ìró ẹ̀rọ tó ń pariwo bíi ti ẹ̀rọ tó ń gé koríko tàbí tó ń gé igi máa ń bí wọn nínú, lọ́fínńdà tó le náà ò bá wọn lára mu. Àwọn tẹ́ ẹ rí tó ṣù mọ́ ẹ̀ka igi lẹ́bàá ọ̀nà láìní ilé, àwọn yẹn ń sinmi ni, wọn kì í sábà jà, ẹ ṣáà má sọ òkò lù wọ́n. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá wo ló máa gbọ́ èyí ṣá.

Ti ejò le díẹ̀, torí ejò ò rí bákan náà. Sèbé máa ń kìlọ̀, á gbé orí sókè, á fẹ ọrùn, tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ ti wà níbi tó ti lè tu oró sí yín lójú, ẹ yí ojú padà kẹ́ ẹ sì rọra sún sẹ́yìn. Tó bá tu ú sójú yín, omi tó mọ́, tó pọ̀, ni kẹ́ ẹ dà sí i fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má fún oje ewé kankan sí i, kẹ́ ẹ sì lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọká àti paramọ́lẹ̀ ní tiwọn, àárín ewé gbígbẹ ni wọ́n ń sùn sí, àwọ̀ wọn bá ewé mu, wọn kì í tètè sá fún èèyàn. Ẹ lè dúró lé wọn lórí tán kẹ́ ẹ tó mọ̀. Àmì tó wà níbẹ̀, àyíká ló ní i: òkìtì èèpo ẹyìn, igi ìdáná tẹ́ ẹ tò jọ, àká àgbàdo, ibi tí eku bá pọ̀ sí ni ejò ń wá. Awọ ejò tó bọ́ sílẹ̀ túmọ̀ sí pé ejò tó ni ín lè wà nítòsí. Àti àwọn ẹyẹ: tẹ́ ẹ bá rí ẹyẹ oríṣiríṣi tí wọ́n kóra jọ sórí igi kan, tí wọ́n ń han gooro, tí wọ́n ń wo ibì kan náà, ẹ má kọjá lábẹ́ ẹ̀, ejò tàbí òwìwí ni wọ́n ń lé.

Lórí àwọn ẹyẹ náà, ẹ máa ń gbọ́ pé tí igbó bá dákẹ́ lójijì, ewu ti dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin gan-an lewu tí wọ́n dákẹ́ fún. Ẹ dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tí wọ́n bá padà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tiyín ni. Tí wọn ò bá padà ké, nǹkan míì wà níbẹ̀.

Tí ejò bá wá bu èèyàn jẹ, ibẹ̀ làmì irọ́ ti ń pa èèyàn. "Kò wú, kò lóró." Irọ́ ni. Oró àwọn ejò kan máa ń wú ẹsẹ̀, á mú ẹ̀jẹ̀ máa jáde láti ojú ibi tó bù jẹ tàbí láti èrìgì, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá. Oró àwọn mìíràn, ẹsẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ wú, ìpéǹpéjú ló máa wúwo, ẹni náà ò ní lè la ojú dáadáa, ahọ́n á wúwo, kò ní lè gbé itọ́ mì, èémí á wá ṣòro. Ìyẹn lè gba wákàtí mélòó kan kó tó fojú hàn, kí àwọn èèyàn ti máa kí i kú oríire. Nítorí náà gbogbo ẹni tí ejò bù jẹ, ọsibítù ni, ibi tí wọ́n ti ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, ẹ pè wọ́n ṣáájú bẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Ẹ má so ẹsẹ̀ náà le, ẹ má fi abẹ ya á, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kó tó wú, ẹ fi igi so ẹsẹ̀ náà kó má bàa mì, kí ẹni náà má rìn, ẹ gbé e. Tó bá jẹ́ ọ̀kadà ló wà, kí ọlọ́kadà jókòó síwájú, kí òun wà láàárín, kí ẹnì kan dì í mú lẹ́yìn. Ẹ má sì fi àsìkò ṣòfò wá ejò láti pa á mú lọ han dókítà. Ohun tó dáa jù ni bàtà rénbúùtù, tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, àti igi gígùn lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fi ń yẹ ewé wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Orí àpáta náà. Ẹ ti rí ìlà dúdú gbọọrọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára àwọn òkè wa? Ojú ọ̀nà omi ni, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kékeré tí ojú ò lè rí ló hù síbẹ̀ tó fi dúdú. Tó bá gbẹ, ẹsẹ̀ ń dì í mú, tí òjò bá kàn kán sí i báyìí, ó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, ẹ má gba orí ìlà dúdú, kẹ́ ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ kí òjò tó dé, torí sísọ̀ ló nira ju gígun lọ. Àpáta wa tún máa ń bó bí àlùbọ́sà, awẹ́ kan lórí awẹ́ kan. Ẹ fi òkúta kékeré kàn án, tó bá dún bí ohun tó ṣófo nínú, awẹ́ yẹn ti yà kúrò lára ìyókù, ẹ má dúró lórí ẹ̀ tàbí lábẹ́ ẹ̀. Àwọn tó kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè, bíi ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè tàbí Òkè-Ìmẹ̀sí, ní àsìkò òjò ẹ máa wo ilẹ̀: tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán gbọọrọ lókè ilé yín, tí igi tàbí òpó iná tó dúró gbọnrangandan ti ń dagun, tí ìsun omi tó mọ́ bá ṣàdédé rú, tí ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ wá ń há, ilẹ̀ ti ń rìn nìyẹn. Ẹ kó ọmọ jáde ná, kẹ́ ẹ tó máa wá bíríkìlà.

Igi ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń wó wọn jù. Èyí tí orí ẹ̀ ti gbẹ, tí olú hù sí ìdí ẹ̀, ó ti ń jẹrà nínú, ìbáà jẹ́ ìrókò, ìbáà jẹ́ àràbà, ẹ má páàkì sábẹ́ ẹ̀, ẹ má pàtẹ ọjà síbẹ̀.

Kànga ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹni tó wọ kànga láti kó ẹrẹ̀ inú ẹ̀ á kàn dákẹ́, ẹni kejì á wọlé lọ gbé e, òun náà á dákẹ́, wọ́n á ní òkùnkùn ayé ni. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kéèyàn mí ti tán níbẹ̀ ni, tàbí gáàsì mìíràn ti gba ipò ẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga máa ń sọ àtùpà sílẹ̀ ṣáájú, tó bá kú, wọn ò ní wọlé, ọgbọ́n gidi nìyẹn. Àmọ́ tí àtùpà ò bá kú, ẹ má tíì yọ̀, torí èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ẹ̀rọ tó ń fa omi ní gáàsì kan tí kì í pa iná, tí kò ní òórùn, èèyàn ló ń pa. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ wọ kànga, ẹ má gbé e sẹ́nu ẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti dákẹ́ sínú ẹ̀, ẹ má wọlé tẹ̀ lé e. Kí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ti so okùn mọ́ra láti òkè, òun lẹ máa fi fà á jáde.

Lásìkò ọyẹ́, tí igbó bá gbẹ, tẹ́ ẹ bá rí àwọn àwòdì tó pọ̀ tí wọ́n ń rà bàbà lójú kan, iná ló wà lábẹ́ wọn, eku àti tata tó ń sá fún iná ni wọ́n wá gbé. Ẹ wo apá ibi tí èéfín ń fẹ́ sí. Iná máa ń sáré gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ lọ, nítorí náà ẹ má sá gòkè, ẹ má sì wọnú koríko gíga. Ibi tó ti jó tán, tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ti ro tí kò sí koríko, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Ó ku olú. Kò sí àmì kan tó ń ya èyí tó lóró sọ́tọ̀. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ìgbín jẹ ẹ́, ẹ fi àlùbọ́sà sè é tí kò dúdú, gbogbo ẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ni inú á tó bẹ̀rẹ̀ sí í run yín, ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ nígbà yẹn. Èyí tí ìyá yín fi hàn yín, tẹ́ ẹ mọ̀ dájú, ni kẹ́ ẹ máa já.

Kẹ́ ẹ tó lọ sí ibi tó jìnnà, ẹ wo ohun tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, sọ nípa ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa dé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró láàárín àwọn òkè wa. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112.